Àwọn Tó Kọ Ẹyẹ Bàbà

Oṣù kìíní ni. Adágún ti di gíláàsì ní Duluth,
àwọn ọkọ̀ akẹ́rù-irin wà lórí ìso bí ẹran,
a sì tún sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé Toivo,
èmi, Darrell Bellanger, àti Marit tí orúnkún ń dùn.
Páálí mẹ́rin. Òórùn bébà tó ti pọ́n bí eyín amusìgá.
Kọ́míìkì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ tán tí wọ́n faṣọ bò.

Ẹyẹ Bàbà!
Bàbà ni ìyẹ́ rẹ̀, bàbá ni kò ní.
Ọmọ awakùsà tó já sínú kòtò,
tó jáde pẹ̀lú apá tó ń dún bí agogo.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá; a gbà á gbọ́
ju bí a ṣe gba pásítọ̀ gbọ́ lọ.

Ìka ò dọ́gba, àwọn tó kọ ọ́ náà ò dọ́gba.
Ambrose Tilley ló kọ́kọ́ kọ ọ́,
ó mọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ dákẹ́.
Ó lè fi odindi ojú ewé kan sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan,
kí òjò dídì máa bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ akọni,
kí òtútù sì máa mú ìwọ tí ò ń kà á.
Nọ́ńbà méjìlá péré. Ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tó lọ fún wa.

Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Gus Pomeroy — háà!
Gus pa ìyá Ẹyẹ Bàbà ní nọ́ńbà kẹrìnlá,
ó tún pa á ní nọ́ńbà kọkàndínlógún,
láàárín méjèèjì, obìnrin náà ń se ọbẹ̀ ẹja.
Lọ́wọ́ Gus, akọni kì í fò kó má ròyìn ara rẹ̀:
“Ẹ wò ó! Mò ń fò! Apá mi ló ń gbé mi!”
Darrell kà á sókè bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù,
Marit rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú.

Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, nígbà yẹn, Gus ni mo fẹ́ràn.
Ẹ̀rù Ambrose máa ń bà mí: ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ jọ ti ilé wa
lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi.
Gus ń pariwo. Ariwo ni mo nílò.

Ọdún kìíní rèé tí Toivo ò sí láàárín wa.
Aili ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ní ká mú ohun tó bá wù wá.
Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni Marit fà yọ,
ó ṣí i, ó dákẹ́.
Pẹ́ńsù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí gbogbo ọ̀rọ̀ Gus,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkọ̀wé Toivo ọmọ ọdún mọ́kànlá
tó ń tún gbólóhùn àgbàlagbà ṣe.
Gus ní: “Ìwọ ìkà, òpin rẹ dé!”
Toivo ní: “Ìwọ ìkà burúkú gan-an,
òpin rẹ ti dé pátápátá nísinsìnyí!”

Ó burú ju ti Gus lọ. Ọlọ́run ẹlẹ́rìí mi, ó burú jù ú lọ fíìfíì.
A rẹ́rìn-ín débi pé Aili ké sí wa látòkè.

Lẹ́yìn náà la dé ojú ewé ọbẹ̀ ẹja.
Ìyá tó ti kú dúró nídìí ààrò, ṣíbí lọ́wọ́,
kò sí àlàyé, kò sí ẹni tó bi í léèrè.
Toivo ò fa ìlà kankan níbẹ̀.
Ó kọ ọ́ sí etí bébà, kékeré, ó tẹ pẹ́ńsù mọ́ ọn:
Ẹ jẹ́ kó wà.

Ìyá Toivo kú ní ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn.
Gbogbo wa ló wọ bàtà ilé ẹ̀kọ́ lọ síbi òkú.

Darrell nu awò rẹ̀.
Ó ní, “Gus gbàgbé ni, ẹ mọ̀.”
A mọ̀.
Marit dá ìwé náà padà sínú ọ̀rá.
Lẹ́ẹ̀mejì ló tẹ sẹ́lótéèpù rẹ̀, kò lẹ̀.